Aránṣọ Erékùṣù Wrangel

Ní oṣù Kẹsán-án ọdún 1921, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Silver Wave já èèyàn márùn-ún sílẹ̀ ní etíkun Wrangel, erékùṣù kan tó wà lókè Siberia, níbi tí òkun ti máa ń dì gbagidi fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún. Ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin kan. Allan Crawford, ọmọ Kánádà tí kò ju ogún ọdún lọ, ni olórí wọn. Lorne Knight, Fred Maurer àti Milton Galle wà pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin náà ni Ada Blackjack, ọmọ Iñupiat láti Alaska, ẹni ọdún 23. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lọ ri àsíá Bírítéènì mọ́ erékùṣù náà, kí wọ́n sì máa ṣọdẹ. Ada ní tirẹ̀, aṣọ ni wọ́n ní kó wá rán. Dọ́là 50 lóṣù.

Aránṣọ lèmi náà, ní Abẹ́òkúta, mo sì máa ń sọ ìtàn Ada fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi. Àwọn ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà pè é ní Robinson Crusoe obìnrin, wọ́n fi í wé ọkùnrin inú ìwé ìtàn tó dá gbé ní erékùṣù. Mi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn. Ó bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ náà ló gbé e débẹ̀, òun náà sì wà lára ohun tó mú un padà láàyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Òwú kì í hù ní ilẹ̀ yìnyín. Awọ ni aṣọ. Awọ caribou, ẹran oníwo tó fara jọ àgbọ̀nrín, ni àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ wà nínú irun rẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀hún ni kì í jẹ́ kí ooru ara sá lọ. Ẹ̀wù méjì ni wọ́n ń wọ̀ léra: ti inú, irun rẹ̀ kọjú sí ara; ti òde, irun rẹ̀ kọjú síta. Awọ seal, ẹran inú òkun, ni wọ́n fi ń ṣe bàtà. Àwọn obìnrin a máa fi eyín jẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Iṣan ẹ̀yìn caribou tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì fà ya wẹ́wẹ́, ni òwú wọn. Bí omi bá kan iṣan yìí, á wú, á sì dí ihò tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá. Wọ́n tún ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà rán bàtà tí abẹ́rẹ́ kì í fi í lu awọ já rárá: inú awọ ni yóò gbà, ẹ̀gbẹ́ tó gbà wọlé náà ni yóò gbà jáde. Mo ti dán èyí wò lórí awọ ewúrẹ́. Bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀, abẹ́rẹ́ ti lu ú. Bó bá fúyẹ́ jù, ojú rírán á ya kúrò. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn sì ń ṣe é nídìí àtùpà ọ̀rá ẹran, ní àsìkò tí oòrùn kì í yọ rárá. Bí ojú rírán kan ṣoṣo bá tú, omi á wọlé, ìka ẹsẹ̀ á dì, á sì kú.

Àwọn tó gbọ́n nínú àwọn àlejò tó lọ síbẹ̀ tètè mọ èyí. Roald Amundsen, ọmọ Norway, lo nǹkan bí ọdún méjì lẹ́bàá àwọn Netsilik, ẹ̀yà kan lára àwọn Inuit, ọmọ onílẹ̀ yìnyín, ní Gjoa Haven ní àríwá Kánádà láti 1903. Ó gba aṣọ awọ lọ́wọ́ wọn, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ló wà lára òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun gúúsù ayé, tí wọ́n dé ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 1911. Robert Peary, ọmọ Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ kó àwọn Inughuit, Inuit àríwá Greenland, sínú ọkọ̀ Roosevelt ní 1908, tọkọtaya, tọmọtọmọ. Àwọn ọkùnrin wọn ń da ajá, àwọn obìnrin ń rán aṣọ. Peary ní òun dé ìpẹ̀kun àríwá ayé ní oṣù Kẹrin 1909, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyàn ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ìtàn ka àwọn tó bá a dé ibi tó dé: Matthew Henson, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, àti Ootah, Egingwah, Seegloo pẹ̀lú Ooqueah. Àwọn obìnrin tó rán ẹ̀wù ọrùn àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sí nínú àwọn tí wọ́n kà. Ó ń dùn mí.

Orúkọ Ada ni a mọ̀. Wọ́n bí i ní 1898 ní Spruce Creek, nítòsí abúlé Solomon, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nárì ní ìlú Nome ló dàgbà sí. Wọ́n kọ́ ọ ní ìwé kíkà, oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ọdẹ. Ó bí ọmọ mẹ́ta, méjì kú, ọkọ rẹ̀ sì já a sílẹ̀. Bennett, èyí tó kù, ní ikọ́ ife. Ada fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ọmọ náà padà sí Nome, nǹkan bí ogójì máìlì, ó ń pọ̀n ọ́n nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò rówó ìtọ́jú, ó fi í sí ilé àwọn ọmọ òrukàn. Dọ́là 50 lóṣù, owó ìwòsàn ọmọ ni.

Vilhjalmur Stefansson, arìnrìn-àjò ilẹ̀ yìnyín, ló ṣètò ìrìn àjò lọ sí Wrangel náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lọ. Ó ti ń sọ kiri ayé pé ilẹ̀ yìnyín lawọ́, pé yóò bọ́ ẹni tó bá mọ ìbọn í yìn. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́, Karluk, yìnyín ti fọ́ ọ ní oṣù Kínní 1914, èèyàn 11 sì kú. Maurer wà lára àwọn tó yè é, orí Wrangel yìí kan náà ni wọ́n sì ti gbà wọ́n là. Síbẹ̀, oúnjẹ oṣù mẹ́fà ni wọ́n kó fún àwọn márùn-ún. Àwọn ìdílé Inuit kan tó ti gbà láti bá wọn lọ yẹ àdéhùn. Ada nìkan ló dúró tì í.

Ẹ̀rù bà á púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ó ń sunkún, ó pa abẹ́rẹ́ tì, àwọn ọkùnrin sì fọwọ́ líle mú un. Nígbà tó yá, ó padà sídìí iṣẹ́, ọdún àkọ́kọ́ sì lọ dáadáa. Ní 1922, ọkọ̀ Teddy Bear tó yẹ kó kó oúnjẹ wá kò rí ọ̀nà gbà láàárín yìnyín. Ẹran dín kù. Ní ìparí oṣù Kínní 1923, Crawford, Maurer àti Galle gba orí òkun dídì lọ sí Siberia láti wá ìrànlọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó tún gbúròó wọn mọ́.

Knight kò lè bá wọn lọ. Àìsàn scurvy, tí àìjẹ oúnjẹ tútù ń fà, ti dá a dùbúlẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbà fún aṣọ rírán wá di ọdẹ, aṣẹ́gi àti olùtọ́jú aláìsàn. Ó kọ́ bí a ṣe ń dẹ pàkúté fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun. Ó kọ́ ìbọn fúnra rẹ̀. Béárì funfun ló bẹ̀rù jù lọ láyé, Wrangel sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí abo béárì pọ̀ sí jù tí wọ́n ń wá bímọ sí. Nítorí náà ó kan àtẹ́lẹ̀ igi kan sókè kó lè máa rí wọn lókèèrè, ó sì gbé ìbọn kọ́ òkè ibùsùn rẹ̀. Knight a máa bú u, ó ní kò tọ́jú òun tó. Ada kọ ìyẹn sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láìfi èébú san án, ó sì ń bá a tọ́jú rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹfà, Knight kú.

Oṣù méjì ni Ada nìkan fi wà níbẹ̀. Ó kó àpótí yí òkú ká kí ẹranko má bàa dé ibẹ̀, ó sì kó lọ sínú àgọ́ mìíràn. Ó ń pa ẹyẹ, ó ń ṣa ẹyin, ó yìnbọn pa seal. Ó fi igi tí òkun gbé wá àti aṣọ líle kan ọkọ̀ kékeré kan. Ó sì ń rán aṣọ. Ọ̀nà tí aránṣọ fi ń ronú ni mo ń rí nínú gbogbo èyí: wo ohun tó wà nílẹ̀, wọ̀n ọ́n, gé e, má fi èérún ṣòfò.

Ọkọ̀ Donaldson, tí Harold Noice darí, dé ní oṣù Kẹjọ 1923. Ada nìkan àti Vic, ológbò wọn, ló bá láàyè. Owó tí Ada gbà gbé Bennett lọ sí Seattle fún ìtọ́jú. Noice padà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé Ada ló jẹ́ kí Knight kú. Àwọn òbí Knight gan-an, lẹ́yìn tí wọ́n rí Ada sójú, ló gbèjà rẹ̀. Ní 1924 ìjọba Soviet gba erékùṣù náà. Stefansson kọ ìwé lórí ìrìn àjò ọ̀hún. Owó iṣẹ́ Ada àti díẹ̀ lórí awọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó pa ni Ada rí. Bennett kú ní 1972, Ada kú ní 1983 ní ẹni ọdún 85, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Anchorage.