Òṣùpá Àrànmọ́jú: Ìtumọ̀ àti Orírun Rẹ̀

Òṣùpá tí ó yọ róbótó, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ kedere, ni Yorùbá ń pè ní òṣùpá àrànmọ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ nípa àrànmọ́ fáwẹ́lì nínú gírámà lè rò pé "àrànmọ́" àti "ojú" ni ọ̀rọ̀ náà pín sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "à-" ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara "ràn mọ́jú". "Ràn" ni ohun tí oòrùn àti òṣùpá máa ń ṣe bí wọ́n bá ń tan ìmọ́lẹ̀. "Mọ́jú" sì ni títí ilẹ̀ fi mọ́, bí a ti ń sọ pé àwọn àlejò jó mọ́jú. Àrànmọ́jú ni èyí tí ó ń ràn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àkókò ni orúkọ yìí ń sọ, kì í ṣe ìrísí. Oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé máa ń hàn ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kì í sì í pẹ́ wọ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ayé yóò bọ́ sí àárín oòrùn àti òṣùpá. Bí oòrùn ti ń wọ̀ ni òṣùpá yóò máa yọ ní ìlà-oòrùn; ìgbà tí oòrùn bá tún ń yọ ni òun yóò wọ̀. Láti ìgbà náà lọ, yíyọ rẹ̀ yóò máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá ṣọ́ ojú ọ̀run mọ́jú kò lè sọ ọ́ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà "oṣù" ní ìtàn tirẹ̀. Òwe ní, "Oṣù lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kí ó tún un ṣe." Ohun tí ó wà lójú ọ̀run ni òwe yìí ń pè ní oṣù. Bẹ́ẹ̀ náà ni "oṣù titun" inú Bíbélì Yorùbá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ parí ní 1884, kì í ṣe oṣù ti kàlẹ́ńdà òyìnbó. Lónìí, oṣù tí ó ní ọjọ́ 30 tàbí 31 ni ó wọ́pọ̀ nílé ìwé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ ni òṣùpá fi ń yí ìrísí rẹ̀ po. Àwọn Mùsùlùmí tí ń wo ojú ọ̀run fún ààwẹ̀ Ramadan ṣì ń sọ pé oṣù lé.

Kí iná mànàmáná tó dé, abẹ́ àrànmọ́jú ni àwọn ọmọdé ti ń pàlọ́, òun náà sì ni arìnrìn-àjò fi ń ríran lóru. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ kò gbọdọ̀ dúró lórí àfòmọ́ nìkan. Kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde síta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá bá kún, kí wọ́n wo ibi tí ó ti ń yọ. Bí wọ́n bá tètè jí ní ìdájí, wọn yóò rí i ní òdìkejì, wọn yóò sì mọ ìdí orúkọ náà.