Ọmú Tí Òkété Ń Mu Ní Ìgbà Ooru Japan

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí, ìtumọ̀ kan ṣoṣo la sì sábà máa ń fún un: kí ọmọ bọ́ òbí tó bọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún un gbé wò. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò sọ pé wọ́n ń da wàrà sí òkété lẹ́nu. "Mu" ni wọ́n ní, òkété fúnra rẹ̀ ló sì ń mu ún. Ọmọ ló lọ́mú, ẹnu àgbà ló ń fà á. Ìyẹn ni pé ẹni tó darúgbó ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìtọ́jú tí à ń ṣe fún un. Wọn kò sì sọ pé òkété náà ti padà di ọmọ òkété nítorí pé ó ń mu ọmú. Àgbà ni, àgbà náà ló sì jẹ́.

Ohun méjì yìí ni mo fi ń wo eré tí àwọn arúgbó ilẹ̀ Japan ń ṣe nínú ilé ìtọ́jú nígbà tí ooru bá mú.

Nínú 100 ènìyàn tó ń gbé ní Japan, bí 29 ló ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn tó ti pé 100 ọdún ju 95,000 lọ. Ọmọ kò pọ̀ mọ́, àwọn tó sì wà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ọmú ọmọ kan kò lè tó òkété mẹ́rin mu. Ohun tí ìjọba wọn wá ṣe ni pé wọ́n sọ ọmú náà di ti gbogbo ìlú. Ní 1997 ni wọ́n ṣe òfin adójútòfò ìtọ́jú àgbà tí wọ́n ń pè ní kaigo hoken, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2000. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ogójì ọdún ti ń dáwó sí i nìyẹn. Bí àgbà bá nílò ìrànlọ́wọ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì mọ èwo nínú ipele méje ló wà. Púpọ̀ nínú wọn kì í san ju ìdámẹ́wàá owó ìtọ́jú lọ lápò ara wọn. Àwọn tí owó ń wọlé fún dáadáa ló ń san ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Owó orí ló ń san ààbọ̀ èyí tó kù, owó adójútòfò a sì gbé ààbọ̀ kejì.

Lára ohun tí owó yìí ń ṣe ni dei sābisu, ìyẹn ilé ìtọ́jú ọ̀sán. Ọkọ̀ á lọ gbé àgbà nílé láàárọ̀. Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìgbóná ara rẹ̀, wọ́n á bá a wẹ̀, á jẹun ọ̀sán, ọkọ̀ á sì gbé e padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyàwó tàbí ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ á rí àyè mí. Láàárín oúnjẹ ọ̀sán àti ìpápánu agogo mẹ́ta ni wọ́n máa ń ṣeré, àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ mi sì dá lé. Àwọn òṣìṣẹ́ ní orúkọ kékeré kan fún un: reku.

Ìgbà ooru tiwọn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn tiwa. Òjò oṣù kẹfà ló ń ṣíwájú rẹ̀. Bí òjò bá sì dá ní oṣù keje, ooru tó kún fún omi ni yóò bo ìlú. Ní Kumagaya, ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2018, ìgbóná ojú ọjọ́ dé 41.1 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Hamamatsu náà débẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ara àgbà kì í tètè làágùn, omi ara rẹ̀ ti dín kù, òùngbẹ kì í sì í tètè gbẹ ẹ́ bí omi tilẹ̀ ti ń tán lára rẹ̀. Irú ooru bẹ́ẹ̀ lè pa á láìjáde nílé. Nítorí náà inú yàrá ni àwọn àgbà ń wà, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, tí ife mugicha, omi ọkà báálì tútù, sì wà níwájú kálukú. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í dúró de ìgbà tí wọ́n bá ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn kó tó ní kí wọ́n mu ún.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìta ni ìgbà ooru Japan wà. Ìta ni àjọ̀dún wà, ìta ni wọ́n ti ń wo iná aláràbarà tó ń bú gbàmù lójú ọ̀run, etí òkun ni wọ́n ti ń di ara wọn lójú kí wọ́n fi kùmọ̀ wá bàrà rí kí wọ́n sì là á. Àgbà tó bá lo gbogbo oṣù kẹjọ nínú yàrá tútù lè má mọ̀ pé ìgbà ooru dé, kó sì kọjá lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ìta wọlé. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n kun láwọ̀ ewé ń di bàrà, ìwé ìròyìn tí wọ́n ká ń di kùmọ̀, àwọn tó jókòó yíká á sì máa kígbe sí ẹni tí wọ́n di lójú pé kó yà sí ọ̀tún, kó padà sí òsì. Igbe yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò lè dìde náà ti wọ inú eré.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹja gbígbọ́n. Lójú àjọ̀dún, ọmọdé á lóṣòó ti ọpọ́n omi, á mú poi dání. Òrùka oníke ni poi, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì wà lójú rẹ̀. Òun ni yóò fi gbọ́n ẹja pupa kéékèèké kí bébà tó já. Nínú ilé ìtọ́jú, orí tábìlì ni ọpọ́n wà, ẹja oníke ló sì ń léfòó nínú rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀: ojú ń tọ ẹja lẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ ń yí, ìka di poi mú ṣinṣin, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ le jù nítorí bébà. Ọrùn ọwọ́ kan náà la fi ń bu ọbẹ̀, òun la fi ń fọ eyín. Bí ẹnì kan bá ní kí ìyá àgbà yí ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó lè ní ó ti rẹ òun. Kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹja.

Ní àárín oṣù kẹjọ, ọdún Obon á dé, nígbà tí àwọn baba ńlá máa ń padà wá kí ará ilé, tí àdúgbò á sì jó yí àtíbàbà onílù ká. Ọ̀kan nínú orin tí wọ́n ń jó sí jù ni Tankō Bushi, orin àwọn awakùsà èédú ní Fukuoka. Ohun tó jẹ́ kó bá ilé ìtọ́jú mu ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ijó náà. Wọ́n á walẹ̀, wọ́n á tún un wà, wọ́n á gbé èédú lé èjìká, wọ́n á fi ọwọ́ bojú bí ẹni ń wo òṣùpá, wọ́n á ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Ẹni tó wà lórí àga onítáyà lè ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìgbáròkó sókè. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́nu, ó sì máa ń pẹ́ lára jù ú lọ. Ẹni tí àìsàn ìgbàgbé ti gba orúkọ ọmọ lẹ́nu rẹ̀ lè gbọ́ ìlù yẹn kó máa walẹ̀.

Ìrántí kì í ṣe adùn nìkan o. Oṣù kẹjọ náà ni wọ́n ju àdó olóró sí Hiroshima àti Nagasaki, ní ọjọ́ 6 àti ọjọ́ 9, ọdún 1945. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa lónìí jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tó bá ń béèrè pé, "Báwo ni ìgbà ooru ṣe rí nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?" gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti gbọ́ ìdáhùn yòówù tó bá tẹ̀lé e.

Níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù ni apá kejì òwe wa, pé òkété kò padà di ọmọ. Ó rọrùn láti ṣìṣe níbẹ̀. Fífi ohùn tí a fi ń rẹ ọmọ bá àgbà sọ̀rọ̀, pípè é ní "-chan" bí ọmọ ọwọ́ dípò "-san" tó yẹ ẹ́, pípàtẹ́wọ́ fún un nítorí pé ó kun àwòrán òdòdó láwọ̀: ìwọ̀sí ni mo ka gbogbo rẹ̀ sí, bí ẹni tó ń ṣe é tilẹ̀ ní inú rere. Eré tó dára máa ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Bí bàbá kan bá ní òun kò gbọ́n ẹja, kí wọ́n fi í sílẹ̀ nídìí shōgi rẹ̀, ayò orí pátákó tó ń ta. Bí ìyá kan bá jẹ́ aránṣọ rí, òun ni kó gé bébà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, ọjọ́ Tanabata, wọ́n máa ń kọ ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ sára bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì so ó mọ́ ẹ̀ka ọparun. Wọ́n á gbé ọparun náà sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ìlera ni púpọ̀ ń tọrọ, kí ọmọ ọmọ yege ni ti àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ àgbà ló mọ bí a ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà kọ̀wé. Òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún, orí fóònù ló ti sábà máa ń kọ̀wé. Bí òṣìṣẹ́ náà bá ní kí ìyá àgbà wá wo ohun tí òun fi búrọ́ọ̀ṣì kọ, ìyá àgbà á kọ́kọ́ dákẹ́, á gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fi hàn án ibi tí ìlà náà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.