Ọta Ogun Nínú Ebè Iṣu

Oko Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Ìlobùú àti Ìfọ́n kò jìnnà sí ojú ogun ńlá méjì. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni ogun Ìbàdàn, tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ wà lára àwọn olórí rẹ̀, kọlu ogun Ìlọrin tí ó dó ti Òṣogbo, tí ó sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ọmọ ogun Ìbàdàn pàdé àpapọ̀ ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Ìlá àti Èkìtì ní Ìkìrun. Àwọn tí a lé ya lu odò Ọ̀tìn, omi sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa há ọdún méjèèjì yìí sórí fún ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọta, idà, ọfà, ìjánu ẹṣin, gbogbo irin tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń sá àti ẹni tí ń lé, inú ilẹ̀ ni wọ́n wọ̀.

Mo rántí ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ́ baba mi àgbà ta lu irin róbótó kan nínú ebè iṣu. Wọ́n nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n ní, "Ọta ogun nìyí," wọ́n sì jù ú sínú agbọ̀n. Ní ọjọ́ ọjà, ó di ti alágbẹ̀dẹ. Oko mẹ́ta ni wọ́n ní, wọ́n sì ti papò dà. N kò mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọta náà ti jáde. Irin kan ṣègbé, kò tó nǹkan. Ibi tí ó wà gan-an ni àdánù.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1876, ọdún méjì péré ṣáájú Jálumi, àwọn Lakota àti Cheyenne pa ọ̀gágun Custer àti gbogbo ọmọ ogun tí ó kù pẹ̀lú rẹ̀ ní etí odò Little Bighorn. Ní ọdún 1983 iná jó koríko pápá náà. Ní 1984 àwọn awalẹ̀pìtàn gbé ẹ̀rọ tí ń wá irin wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ yìí a máa rán agbára òòfà wọ inú ilẹ̀ láti ara wáyà tí a ká róbótó. Bí agbára náà bá kan irin, idẹ tàbí òjé, ẹ̀rọ a ké. Níbi tí ó bá ti ké, wọn a ri àsíá kékeré mọ́lẹ̀, wọn a wọn ibẹ̀, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nípa àmì tí ìbọn kọ̀ọ̀kan fi sí ìdí ìkarahun ọta, wọ́n tọpasẹ̀ ìbọn kan náà láti ibì kan dé ibòmíràn. Ìtàn tí àwọn àgbà onílẹ̀ ti ń sọ tipẹ́, pé ètò àwọn ọmọ ogun náà dàrú, wá rí ẹlẹ́rìí.

Ní tiwa, irú ọta pàápàá lè jẹ́rìí. Ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn Snider, tí ọta rẹ̀ ní ìkarahun idẹ, fún ọmọ ogun wọn. Irú rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn Èkìtì Parapọ̀ nígbà ogun Kírìjì. Ẹni tí ó bá hú irú ìkarahun bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe sọ pé ti ogun Òṣogbo ni. Ti ṣakabùlà ni ó le, nítorí pé àwọn ọdẹ ṣì ń lò ó títí di òní. Bóyá ọta ọdẹ ni baba mi àgbà rí! Ibi tí ó wà àti ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀ nìkan ni ìbá là wá lọ́yẹ.

Òfin 77 ọdún 1979 ka wíwa ilẹ̀ nítorí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ Àjọ tí ń mójú tó wọn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ẹni tí ń wá owó kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí ń fi òṣùwọ̀n ra irin àlòkù kiri ìletò. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ti gbogbo ọkọ́. Ní kíláàsì mi, ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí tábìlì: orúkọ oko, odò tí ó sún mọ́ ọn, bí ohun náà ti jìn tó nínú ilẹ̀, ọjọ́ tí a rí i. Ìlà mẹ́rin péré ni ó wà nínú rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ìkẹta jẹ́ ìjánu ẹṣin. Ẹni tí ó rí i ti gbé e sí ojúbọ Ògún, kò sì gbà láti tà á.