Fọ́tò Àwọn Adágún Orí Òkè Tasmania, Láti 1863 Wá

Ìdí tí mo fi jókòó ti iṣẹ́ yìí ni pé ìtàn náà fọ́n káàkiri. Apá kan wà nínú álíbọ́ọ̀mù àtijọ́, apá kan wà nínú ìwé tí àwọn ọ̀rẹ́ fi ṣèrántí olóògbé, apá kan sì wà lẹ́nu àwọn tó bá ìjọba fà á lórí ìdídò. Mo kó wọn jọ sójú kan, níbi tí ẹnu wọn ò sì ti kò, mo sọ èyí tí mo gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ibi tí à ń wí. Erékùṣù ni Tasmania, ní ìsàlẹ̀ Ọsirélíà lápá gúúsù. Afẹ́fẹ́ líle a máa fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn gba orí òkun ńlá láìsí ilẹ̀ tó dá a dúró, àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn erékùṣù yìí ló sì kọ́kọ́ ń pàdé. Ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, òjò a máa lé ní 2,000 mílímítà lọ́dún, yìnyín sì lè bọ́ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó jẹ́ ìgbà ooru wọn. Láàárín wákàtí kan, oòrùn á ràn, kùrukùru á bo orí òkè, òjò á dé, oòrùn á tún yọjú. Òkìtì yìnyín ayé ìjọ́hun ló gbẹ́ kòtò àwọn adágún náà sáàárín àpáta, koríko irà ló sì pa omi wọn láró títí ó fi dúdú bí omi àgbo. Irú omi bẹ́ẹ̀ a máa gbé òjìji òkè dáadáa, bí afẹ́fẹ́ bá gbà kí ó sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò níbẹ̀, dídúró de ìsinmi yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Morton Allport ni mo ti bẹ̀rẹ̀, agbẹjọ́rò ará Hobart tó rìnrìn àjò lọ sí Lake St Clair ní oṣù Èrèlè ọdún 1863. Fọ́tò alápá méjì ló yà, irú èyí tí a ń fi awò pàtàkì wò tí ohun inú rẹ̀ á fi yọ síta. Ọ̀nà tó gbilẹ̀ nígbà náà kò rọrùn: wọ́n á da oògùn sára dígí, wọ́n á yà á kí oògùn tó gbẹ, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ nínú àgọ́ tó ṣókùnkùn. Ẹni tó gbé dígí, oògùn àti àgọ́ gun òkè, tí kùrukùru wá bo òkè náà nígbà tí dígí ṣì tutù lọ́wọ́ rẹ̀, òfo ló bá délé.

Nígbà tí dígí gbígbẹ dé, ẹrù fúyẹ́ díẹ̀. John Watt Beattie, ọmọ Skọ́tlándì tó dé Tasmania ní 1878, di ayafọ́tò ìjọba ní 1896. Stephen Spurling kẹta, ará Launceston, sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà dé agbègbè Cradle Mountain. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fi fọ́tò wọn pamọ́. Wọ́n ń fi fìtílà gbé e sára aṣọ funfun nínú gbọ̀ngàn, kí ará ìlú tí kò lè rin irà lè rí ohun tó wà lókè. Gustav Weindorfer, ọmọ Ọ́stríà tó kọ́ ilé Waldheim sí ẹsẹ̀ Cradle ní 1912, lo irú àfihàn bẹ́ẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ náà, ìjọba sì yà á sọ́tọ̀ ní 1922. Láti ìgbà náà títí di ìparí ogun àgbáyé kejì, ohun tí mo rí kò pọ̀, àfi àfihàn ayafọ́tò kan tó ń jẹ́ Fred Smithies àti ilé ọkọ̀ onígi tí wọ́n kọ́ sétí Dove Lake ní 1940, tí kò sí àlejò tí kì í ya fọ́tò rẹ̀ lónìí.

Lake Pedder ni ọkàn ìtàn yìí. Adágún náà tẹ́jú sábẹ́ òkè Frankland, pẹ̀lú etí omi oníyanrìn tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta. Yanrìn náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn omi á fà sẹ́yìn, yanrìn á gbòòrò, ọkọ̀ òfuurufú kékeré á sì balẹ̀ sórí rẹ̀. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà àpapọ̀ ní 1955. Ní 1967, ìjọba kan náà gbà pé kí iléeṣẹ́ iná mànàmáná Tasmania fi omi bò ó.

Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yẹn gan-an ni Olegas Truchanas. Lituéníà ni wọ́n bí i sí ní 1923, ó sì dé Tasmania ní 1948 lẹ́yìn ogun. Ó ń dá rìn nínú aginjù gúúsù-ìwọ̀-oòrùn pẹ̀lú kámẹ́rà, ó sì fi ọkọ̀ kékeré dá sọ̀ kalẹ̀ lórí odò Gordon ní 1958. Ní oṣù Èrèlè 1967, iná igbó tó jó Hobart jó ilé rẹ̀, ó sì jó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún mọ́ ọn. Ọkùnrin náà kò ká ọwọ́ lérí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí adágún náà kò ní pẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà, fíìmù ẹ̀ẹ̀kejì ló sì kù sí wa lọ́wọ́. Nígbà tí ó gbé e sára ògiri ní gbọ̀ngàn ìlú Hobart ní 1971, èrò wá. Kùrukùru òwúrọ̀, òjò tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè, yanrìn pípọ́n lábẹ́ ìkùukùu dúdú: àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí mọ ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ gba ìṣọ́ra, nítorí ẹni tó bá kà á lórí eré lè rò pé Pedder ló gbé e lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1972, odò Gordon ló gbé e, níbi tó lọ láti tún ya ohun tí iná jó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ bíi bàbá, Peter Dombrovskis, ló rí òkú rẹ̀. Láàárín ọdún yẹn kan náà ni omi bo adágún. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, kí ó tó bò ó tán, àwọn tó ń jà fún un dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó jẹ́ ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé àkọ́kọ́ láyé. Ìwé tí Max Angus, ọ̀rẹ́ Truchanas, kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1975, òun ni mo gbára lé jù.

Àríyànjiyàn kan ṣì wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: ṣé Lake Pedder ṣì wà? Wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ fún omi tuntun, àwòrán ilẹ̀ sì ń lò ó. Àwọn tó ní ó ṣì wà ń sọ pé ibì kan náà ni, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ ni. Mo rò ó dáadáa, n kò gbà. Omi tuntun náà tó nǹkan bíi 240 kìlómítà níbùú lóròó, ti àtijọ́ kò ju nǹkan bíi mẹ́wàá lọ. Ìdídò mẹ́ta ló sì dá tuntun dúró. Ẹni tó ń to fọ́tò jọ gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀: níbi tí yanrìn gbalasa bá ti hàn, ṣáájú ìkún omi ni wọ́n ti yà á, ohunkóhun tí ì báà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Dombrovskis ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lọ. Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1945, àwọn òbí rẹ̀ sì wá láti Látfíà. Kámẹ́rà Linhof ńlá ló ń gbé pọ̀n, tí í lo fíìmù aláwẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì yan ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ìkùukùu ju oòrùn gangan lọ, nítorí òun ló ń jẹ́ kí àwọ̀ òkúta àti ewéko yọ. Fọ́tò rẹ̀ ti Lake Oberon, láàárín àpáta Western Arthurs, ni mo máa ń fi han ẹni tó bá ní ojú ọjọ́ burúkú ba fọ́tò jẹ́. Èyí tó lókìkí jù, ti odò Franklin tí iléeṣẹ́ iná yẹn tún fẹ́ dí, nínú kùrukùru òwúrọ̀, ni wọ́n máa ń so mọ́ 1983, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n fi polówó ìdìbò nìyẹn. Ó ti yà á ṣáájú. Bóyá fọ́tò náà ló gbé ìjọba tuntun wọlé, ẹ jẹ́ kí àwọn olóṣèlú bá ara wọn fà á. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga lórí ìdídò náà jáde ní oṣù Agẹmọ ọdún yẹn, wọn kò sì dí Franklin. Dombrovskis kú ní Western Arthurs ní 1996, níbi iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, kámẹ́rà onífíìmù ti yí padà sí onídígítà, fóònù ti pọ̀ létí Dove Lake, wọ́n sì ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fò dúróònù nínú ọgbà. Ní 1995, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Ọsirélíà gbọ́ ẹ̀rí pé etí omi Pedder ṣì wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó. Àwọn tó ní kí wọ́n fa omi náà ṣì ń béèrè, fíìmù ẹ̀ẹ̀kejì Truchanas ni wọ́n sì ń gbé jáde bí wọ́n bá fẹ́ fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn.