Táyà Tí Kò Ní Tíúbù àti Òkúta Tó Kọ́ Ọ Lọ́gbọ́n

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lórí òkè olókùúta mọ̀ pé ẹ̀gún kọ́ ni olórí ọ̀tá táyà. Ẹ̀gún á gún un, afẹ́fẹ́ á máa jò díẹ̀díẹ̀, a ó sì lẹ̀ ẹ́. Òkúta ni ìjọ̀gbọ̀n. Bí kẹ̀kẹ́ bá já lu òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó, táyà á tẹ̀ wọlé títí rímù á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta, tíúbù tó há sáàárín wọn á sì là lójú méjì, bí ibi tí ejò ti bu ènìyàn jẹ. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi fara mọ́ ìyà yìí.

Robert William Thomson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló kọ́kọ́ gba ìwé-àṣẹ lórí táyà alátẹ́gùn, ní 1845, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógún. Rọ́bà ló fi ṣe tíúbù inú, ó fi awọ ẹran bò ó, ó sì dè é mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbàgbé rẹ̀. Ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní Belfast, gba ìwé-àṣẹ tirẹ̀ láìmọ̀ pé ẹnìkan ti ṣe é rí. Ohun tó ń wá kò ju kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ má gbọ̀n mọ́. Nígbà tí wọ́n hú ìwé Thomson jáde, wọ́n fagi lé ti Dunlop. Síbẹ̀, orúkọ Dunlop lẹ̀ ń rí lára táyà títí di òní. Ayé kì í ṣe ẹ̀tọ́ nígbà gbogbo.

Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ táyà Dunlop mọ́ rímù, nítorí náà ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò ti bọ́ sínú wàhálà. Àwọn ará Michelin ní Clermont-Ferrand ló ṣe èyí tó ṣeé tú tó sì ṣeé dè padà. Charles Terront gbé e wọ eré-ìje Paris sí Brest àti padà ní 1891, ọ̀nà tó tó 1,200 kìlómítà, ó sì gba ipò kìíní.

Ìfẹ́ táyà yìí kan ilẹ̀ wa náà. Rọ́bà di ohun tí gbogbo ayé ń wá, àwọn ènìyàn sì wọ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá lọ ha igi Funtumia elastica fún oje. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó lọ sókè òkun ju mílíọ̀nù márùn-ún páùnù lọ, bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, díẹ̀ bíńtín ló lọ. Wọ́n ha àwọn igi náà kọjá agbára wọn, ọ̀pọ̀ kú, òwò náà sì rọlẹ̀ kí ọ̀rúndún tó parí.

Ní 1947, ilé-iṣẹ́ B.F. Goodrich ní Akron fi táyà mọ́tò tí kò ní tíúbù han ayé. Èyí tí àwọn fọkanáísà wa ń pè ní túbùlẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ kò fi tètè gbà á? Rímù rẹ̀ ni. Rímù mọ́tò kò ní ihò púpọ̀. Ti kẹ̀kẹ́ kún fún ihò sípóòkì, afẹ́fẹ́ á sì gba ibẹ̀ jáde.

Kẹ̀kẹ́ orí òkè gan-an kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1933 ni Schwinn ní Amẹ́ríkà ti gbé kẹ̀kẹ́ tó ní táyà sísanra jáde fún àwọn ọmọdé. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ Marin County ní California, Gary Fisher, Joe Breeze àti Charlie Kelly lára wọn, ń ṣa ògbólógbòó irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì ń fi í sáré láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Ní October 1976 ni eré-ìje Repack bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Fairfax. Bíréèkì ẹ̀yìn á gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ á di èéfín. Nígbà tó fi máa di 1981, ilé-iṣẹ́ Specialized ti ń ta kẹ̀kẹ́ orí òkè tó ń jẹ́ Stumpjumper fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tíúbù ṣì wà nínú táyà. Kí òkúta má baà gé e, wọ́n á fẹ́ ẹ le dan-in dan-in. Táyà tó le bẹ́ẹ̀ á máa ta lórí òkúta, kò ní dì í mú.

Ní 1999, Mavic, Michelin àti Hutchinson, gbogbo wọn láti ilẹ̀ Faransé, gbé UST jáde, ìyẹn ètò rímù àti táyà kẹ̀kẹ́ tí kò ní tíúbù. Rímù rẹ̀ kò ní ihò sípóòkì nínú, etí táyà á sì dún pọ́ù bó bá ti jókòó sáyè rẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà bo inú táyà kí afẹ́fẹ́ má jò, èyí sì mú kó wúwo kó sì wọ́n. Stan Koziatek ní ìpínlẹ̀ New York gba ọ̀nà ìrọ̀rùn. Ilé-iṣẹ́ NoTubes tó dá sílẹ̀ ní 2001 ń fi téèpù dí ihò inú rímù lásán, wọ́n á sì da oje rọ́bà olómi sínú táyà. Bí ẹ̀gún bá gún un, oje á sáré lọ síbẹ̀, á dì, ọ̀rọ̀ parí.

Ibí ni ìtàn ti yí. Nígbà tí oje ti ń dí ihò, kò sí ìdí láti bo inú táyà mọ́. Táyà fúyẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, inú àwọn eléré-ìje sì dùn. Ṣùgbọ́n oje kò lè dí ojú tí òkúta gé gùn bí ìka. Ẹ ó kàn gbọ́ “fíìì”, oje funfun á máa tú síta bí táyà ti ń yí, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, táyà ti pẹlẹbẹ. Fọkanáísà á fi rọ́bà jánjan kì í bí ó ti ń ṣe ti mọ́tò, àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà sì ń ru irú rẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ táyà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní láti tún mú táyà nípọn, kí wọ́n fi kún aṣọ òwú tó wà nínú rọ́bà rẹ̀. Ti Maxxis rọrùn láti fi ṣàlàyé: EXO jẹ́ aṣọ kan pẹ̀lú ìbòrí ní ẹ̀gbẹ́, DoubleDown jẹ́ aṣọ méjì tí òwú rẹ̀ tó 120 nínú ínǹṣì kan, ti eré sísọ̀kalẹ̀ láti orí òkè jẹ́ aṣọ méjì onówùú 60, òwú tó nípọn jù. Táyà eré-ìje fífúyẹ́ lè jẹ́ 700 gíráàmù; èyí tó kẹ́yìn yìí ju 1,200 lọ. Àwọn mìíràn tún ń fi fóòmù sínú táyà kí rímù má baà gbá òkúta.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹni tó fẹ́ rà ni pé kó yé fi eyín táyà nìkan yan táyà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí owó kò bá tó fún méjì tó nípọn, ẹ fi èyí tó nípọn sẹ́yìn, torí ẹ̀yìn ló ń gbé ìwúwo yín tó sì ń forí sọ òkúta láìsí ìkìlọ̀. Ẹ má sì gbàgbé oje inú rẹ̀: láàárín oṣù díẹ̀ ó máa ń gbẹ, pàápàá níbi tí oòrùn ti mú.