Àpótí Fíúsì Inú Ilé: Láti Orí Wáyà Tó Ń Yọ́ Dé Orí Bíréékà

Fíúsì ni ẹ̀ṣọ́ tó pẹ́ jù lọ lára iná mànàmáná inú ilé. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n fi sójú ọ̀nà iná kó lè yọ́, kí ọ̀nà náà sì já, bí iná tó ń kọjá bá ti ju agbára wáyà inú ògiri lọ. Ní 1882, nígbà tí gílóòbù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iná ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde lórí wáyà fífà, kí ilé má baà máa jóná.

Láyé ìgbà náà, fíúsì méjì ló máa ń wà lójú ọ̀nà kan: ọ̀kan lórí láìfù (wáyà tó ń gbé iná wọlé), èkejì lórí níútírà (wáyà tó ń gbé e padà). Ewu ńlá nìyẹn. Bí ti níútírà bá jó, gílóòbù á kú, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe á rò pé kò síná mọ́, bẹ́ẹ̀ láìfù ṣì wà nínú wáyà tó fẹ́ dì mú. Nígbà tó yá, wọ́n yọ fíúsì orí níútírà kúrò.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àpótí fíúsì kékeré wọ ilé mẹ̀kúnnù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá fíúsì mọ̀: funfun jẹ́ 5 amp fún gílóòbù, búlúù jẹ́ 15, yẹ́lò jẹ́ 20, pupa sì jẹ́ 30. Bí ọ̀kan bá jó, onílé á pa iná, á fa fíúsì náà yọ, á tú ìdè rẹ̀ méjèèjì, á sì fi wáyà mìíràn rọ́pò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé: àwọn mìíràn ń fi wáyà tó nípọn jù, tàbí ìṣó pàápàá, síbẹ̀. Fíúsì náà kò ní já mọ́. Wáyà inú ògiri ni yóò jó.

Wọ́n ti rí ojútùú èyí tipẹ́. Ní 1924, ilé iṣẹ́ Hugo Stotz ní Mannheim, ní Jámánì, gba ẹ̀tọ́ lórí bíréékà kékeré, tó ń gé iná fúnra rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó ń tẹ̀ bó bá gbóná wà nínú rẹ̀ fún ẹrù tó pọ̀ jù, òòfà sì wà fún ìgbà tí wáyà bá kan ara wọn. Kò sí wáyà kankan tí ẹnikẹ́ni máa yàn.

Síbẹ̀, wáyà ni fíúsì àti bíréékà ń ṣọ́, kì í ṣe ènìyàn. Iná tó lè pa ènìyàn kò tó 1 amp rárá, fíúsì kò sì ní mọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní RCD fi dé: ó ń fi iná tó jáde wé èyí tó padà, bí ìyàtọ̀ bá ti tó 0.03 amp, á gé e. Láti 2008, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè rẹ̀ fún púpọ̀ nínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ilé.

Iná ti dé Èkó ní 1896 lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìdí sì nìyẹn tí pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta 13 amp àti fíúsì oníwáyà fi wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà náà. Níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ pààrọ̀ àpótí àtijọ́, oníṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ wáyà inú ògiri àti ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó wọlẹ̀) wò. Rọ́bà ara wáyà tó ti gbó ń fọ́ bí ọwọ́ bá kàn án. Bí wọ́n bá so ó mọ́ àpótí tuntun, RCD lè máa jábọ́ ṣáá, títí wọn yóò fi fa wáyà mìíràn.