Ilé Tí Onílé Kò Gbé: Ìtàn Iṣẹ́ Aṣọ́lé Tọkọtaya ní Èkó

Iṣẹ́ aṣọ́lé tí tọkọtaya jọ ń ṣe, èyí tí onílé máa ń fún ọkọ àti ìyàwó ní yàrá kan nínú ọgbà rẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ ilé náà tọ̀sán tòru, kì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá Yorùbá mọ̀, nítorí pé lábẹ́ ètò àtijọ́ kò sí ilé tí í ṣófo débi pé a ó fi owó wá ẹni tí yóò dúró tì í. Nínú agboolé, ìyẹn ọ̀wọ́ ilé tí àwọn ìdílé tí ó bára wọn tan ń gbé lábẹ́ àkóso baálé, arúgbó, abiyamọ àti ọmọdé ni ó máa ń wà nílé nígbà tí àwọn tí agbára wọn gbé e bá ti lọ sí oko tàbí abà, àwọn yìí náà ni wọ́n sì ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń sin adìẹ, tí wọ́n sì ń gba àlejò. Bí ẹni tí ó kọ́lé bá kú pàápàá, ilé rẹ̀ a di ilé ẹbí, tí dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, yóò máa bójú tó fún gbogbo ọmọ. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n dá ní Èkó ní ọdún 1908, lórí ilé tí Olóyè Mabinuori fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọdún 1874, fi ìlànà yìí múlẹ̀ ní kóòtù ìjọba amúnisìn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gba Èkó ní ọdún 1861, ni wọ́n mú ilé tí àlejò ń gbé, tí yóò sì tún fi sílẹ̀ lọ, wọ inú ìlú. Lẹ́yìn tí oníṣègùn Ronald Ross ti fi hàn ní ọdún 1897 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri, àwọn òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ara ọmọ adúláwọ̀ ni ẹ̀fọn ti ń gbé ibà wá bá àwọn, àti pé ohun tí ó tọ́ ni kí àwọn dá gbé. Gómìnà William MacGregor, oníṣègùn tí ó ṣàkóso Èkó láti ọdún 1899 sí 1904, kò fara mọ́ èrò yìí, nítorí lójú tirẹ̀, oògùn kuníìnì àti fífa omi àbàtà ìlú gbẹ ni yóò ṣe funfun àti dúdú láǹfààní; síbẹ̀, odò àfọwọ́gbẹ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ni ó wá di ààlà láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, tí àwọn tí ó jẹ gómìnà lẹ́yìn rẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Nígbà tí Gómìnà Àgbà Lugard ṣe òfin ìlú ní ọdún 1917, ìlànà tí ó tẹ̀ lé e ni pé kí ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 wà láàárín ilé òyìnbó àti ilé adúláwọ̀, kí ó má sì sí adúláwọ̀ tí yóò máa sùn sí àdúgbò òyìnbó àyàfi ọmọ ọ̀dọ̀.

Inú àyàfi yẹn ni iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ náà ni wọ́n kọ́ bọ́ìsì kọ́tà fún, ìyẹn yàrá kéékèèké tí ó tò ní ẹsẹ kan sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó kọjú sí ẹ̀yìn ilé ìdáná ọ̀gá, tí àwọn tí ń gbé inú wọn sì jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Bọ́ì ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bí ọmọ mẹ́ta mẹ́rin. Ọkùnrin ni wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ náà jù, ìbáà jẹ́ kúùkù tí ń se oúnjẹ, stíwọ́ọ̀dù tí ń gbé e sórí tábìlì, tàbí ẹni tí ń tọ́jú ọgbà. Ìyàwó kò sí nínú àdéhùn, ṣùgbọ́n ó wà nínú yàrá. Bí ọkọ bá ń kí àlejò ọ̀gá níwájú, ìyàwó lè máa fọ aṣọ ní ẹ̀yìn, kí ó máa ro ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kí ó sì tún dín àkàrà tà fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ilé kejì, láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wọ ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà yẹn ni ó ti di àṣà pé iṣẹ́ ẹni méjì ni onílé ń rí gbà, tí ó sì ń san owó ẹnì kan, nítorí ó gbà pé yàrá tí òun fún wọn ti dí àlàfo tí ó kù.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ náà nígbà yẹn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Òyìnbó ìjọba kì í pẹ́ níbì kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 12 sí 18, ó ti tó àkókò ìsinmi tí yóò lọ lò nílùú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìlú mìíràn ni wọn yóò gbé e lọ bí ó bá padà dé. Kí ó tó lọ, a máa kọ ìwé ẹ̀rí fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, pé kì í jalè, kì í mutí, ó sì mọ oúnjẹ sè. Àwọn tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ a máa kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, a sì máa fi aṣọ dì í pẹ̀lú ìṣọ́ra tí ẹlòmíràn fi ń tọ́jú owó, nítorí ẹni tí ìwé tirẹ̀ bá sọnù, bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí ni.

Lẹ́yìn òmìnira ní ọdún 1960, àwọn ọ̀gá dúdú bọ́ sínú ilé àwọn ọ̀gá funfun ní Ìkòyí àti ní GRA Ìkẹjà, bọ́ìsì kọ́tà kò sì yí padà rárá. Owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 sọ ọgbà olódi gíga àti géètì irin di ohun tí ẹni tí ó bá rí jẹ gbọ́dọ̀ ní, géètì náà sì bèèrè ẹni tí yóò máa ṣí i. Àwọn mẹ́gáàdì tí wọ́n wá láti Òkè Ọya, tí púpọ̀ nínú wọn fi ìyàwó sílẹ̀ nílé, ni wọ́n kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ẹnu géètì. Àwọn tí ó wá láti Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn àwọn Àgànyìn àti Ègùn tí Èkó mọ̀ dáadáa, ni wọ́n wọ iṣẹ́ inú ilé. Nígbà tí ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 1983 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn sì fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, àwọn ará Gánà sì pọ̀ jù nínú wọn, iṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n pàdánù, ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ń gbé ibi iṣẹ́ kò ní ibòmíràn tí yóò sá sí.

Ọmọ Yorùbá tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ó ń fi owó ránṣẹ́ kọ́lé sílé díẹ̀díẹ̀, ni ó sọ tọkọtaya di ohun tí wọ́n ń dìídì béèrè fún. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè gba ọdún mẹ́wàá kí ó tó parí, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé ń pe ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn tí ń sọ pé àwọn ni àrólé ilẹ̀, tí wọ́n ń gba owó ìpìlẹ̀, tí àwọn kan nínú wọn sì ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ògiri Èkó fi ń sọ fún ẹni tí ń kọjá pé ilé yìí kì í ṣe títà, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà fi ṣe òfin ààbò dúkìá ní ọdún 2016. Kí òfin náà tó dé, àti lẹ́yìn tí ó dé, ààbò tí onílé gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ẹni tí ń dáná nínú ilé náà. Ọkùnrin kan ṣoṣo lè gba owó, kí ó kó irin àti sìmẹ́ǹtì tà, kí ó sì sá lọ. Ẹni tí ó ní ìyàwó àti ọmọ níbẹ̀ kì í tètè rí ọ̀nà gbà. Ọkọ a máa ka àpò sìmẹ́ǹtì wọlé, ìyàwó a máa wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ó má baà sán, a sì máa se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà fún àwọn bíríkìlà. Fèrèsé tí kò tíì ní férémù, bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń dí i nígbà òjò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kun ilé náà tán ni tọkọtaya náà yóò kúrò níbẹ̀, àyàfi bí onílé bá ní kí wọ́n bọ́ sí bọ́ìsì kọ́tà.

Lónìí, onígbọ̀wọ́ ni ó ti gba ipò ìwé ẹ̀rí òyìnbó. Éjẹ́ǹtì, pásítọ̀, àlùfáà tàbí ará ìlú kan náà ni ó máa ń mú tọkọtaya wá, tí onílé yóò sì bèèrè fọ́ọ̀mù tí ẹni méjì fọwọ́ sí, tí wọ́n lẹ fọ́tò mọ́, kí ọkọ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó kì í sábà fọwọ́ sí nǹkan kan.

Òfin ilẹ̀ yìí kò sì tíì gba tiwọn rò dáadáa. Abala 65 nínú Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 kàn fún mínísítà ní àṣẹ láti ṣe ìlànà lórí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2019, tí owó inú rẹ̀ sì di ₦70,000 ní ọdún 2024, yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀, kò sì sí onílé tí aṣọ́lé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó jáde ní ọdún 2011 yọ Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, àwọn àdúgbò tí bọ́ìsì kọ́tà pọ̀ sí jù; níbòmíràn pàápàá, ẹni tí ó ń gbé yàrá nítorí iṣẹ́ kì í ṣe ayálégbé, bí iṣẹ́ bá sì ti tán, yàrá náà ti tán.